Ọ̀rọ̀ Ìkòkò Aró Yín Tó Ṣègbé Sínú Díìsìkì

Màámi, aláró Ìgbẹ̀ìn, ẹni tí omi ẹ̀lú kò kúrò léèékánná rẹ̀ rí,

Oṣù mẹ́jọ ti pé tí ẹ ti lọ. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ yín fi kànrìnkàn fọ ọwọ́ yín títí, wọ́n fọ̀ ọ́ tì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi aṣọ funfun wé yín, tí wọ́n gbé yín lọ pẹ̀lú ọwọ́ aláró yín. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé ohun tó kù lọ́wọ́ yín ti bá yín lọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu yín ti wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ mi. Ọkàn mi balẹ̀ nínú ẹkún. Ẹ wá wo òmùgọ̀ ọmọ.

Ilé yín ṣì dúró. Òrùlé yàrá yín ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ti bẹ káfíńtà, ó ní òun ń bọ̀, ẹ sáà mọ̀ wọ́n. Èmi náà ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Mo ti rù. Àwọn ènìyàn ní ọ̀fọ̀ yín ló ń jẹ mí lára, mo sì ń gbà fún wọn, torí ó rọrùn ju kí n máa ṣàlàyé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn mú ìtàn láti àárín.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ wá wò mí níbi iṣẹ́? A ní kí ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí eruku, ẹ rò pé mọ́sálásí ni. Òtútù yàrá náà mú yín, ẹ fa ìborùn yín mọ́ra, ẹ wá ń wo kọ̀ǹpútà wa bí ẹni ń wo àna tó ń gbéraga. Mo gbé díìsìkì kan hàn yín. Àwo pẹlẹbẹ mélòó kan ni, tí wọ́n tò léra lórí ọ̀pá kan, tó ní ìdérí. Wọ́n á gbé e sínú àpótí tó ga tó ìbàdí ènìyàn, á máa yí nínú rẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹ bi mí pé níbo ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, torí ẹ ò rí ìlà kankan lára rẹ̀. Mo ní apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń kà á bíi ti giramafóònù Bàbá, ṣùgbọ́n tiwa kì í fara kan àwo. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó fọ́nrán irun kan. Bí apá náà bá fi lè kan àwo pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ parí.

Ẹ ronú díẹ̀, ẹ wá ní, “Ìyàwó àti ìyálé nìyẹn.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yín ni ọ̀gá wa fi ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ẹ fi bá ìyálé yín, Ìyá Kúdí, gbé inú agbo ilé kan, ìkòkò aró tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì. Ẹ ń kí ara yín láràárọ̀. Ẹ ń bu sààrì fún ara yín nígbà ààwẹ̀. Nígbà tí Bàbá kú, inú yàrá kan náà lẹ ti jọ ṣe opó. Ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí ọ̀kan nínú yín ṣí ìkòkò rẹ̀ lójú ìkejì. Òun ti bá ayé lọ tipẹ́, aró òyìnbó oníyẹ̀fun àti sódà ló ń lò bíi ti ọ̀pọ̀ aláró Ìtòkú. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró ti ẹ̀lú, lẹ dúró ti ìkòkò kan tí ìyá ìyá yín ti ń lò, tí omi rẹ̀ kò gbẹ rí. Láràárọ̀ ẹ ó ṣe Bísímílà, ẹ ó fi etí lé ẹnu rẹ̀, ẹ ó ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ ó tọ́ ọ wò, ẹ ó tu ú sápá òsì. Nígbà náà lẹ ó tó mọ̀ bóyá ó sùn dáadáa. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ kò bi àwa ọmọ léèrè bí a ṣe sùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ẹ kò lè dé ìdí ìkòkò mọ́ láìsí ẹni tó dì yín mú, ẹ pè mí. Èmi nìkan ni obìnrin tí ẹ bí, n kò sì kọ́ aró. Ẹ kò fi bú mi rí, àfi orúkọ Ìyáàfin Kọ̀ǹpútà tí ẹ sọ mí. Odidi oṣù méjì, bí a bá ti kírun Làásárì tán, ẹ ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ẹ ó máa sọ, èmi ó máa kọ. Ìwé mẹ́ta la kọ kún. Ẹ sọ bí ewé ẹ̀lú àwọn obìnrin Ọ̀fàdà ṣe yàtọ̀ sí ti ìtòsí, igi tí à ń sun fún eérú, òórùn ìkòkò tó fẹ́ jí àti òórùn ìkòkò tó fẹ́ kú. Ọ̀rọ̀ ìkòkò tó ń ṣàìsàn nìkan gba ojú ewé mẹ́wàá. Mo rántí pé mẹ́wàá ni, torí ọwọ́ dùn mí lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà nínú ojú ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni n kò rántí.

Ẹ kò fẹ́ kí bébà kan pẹ́ nínú ilé. Ẹ ní Kúdí mọ̀wé, pé bó bá ti Ìlọrin wá ṣọdún Iléyá, tó rí i, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń kó o lọ. Ẹ̀kọ́ tí ìyá yín fi kọ́ yín nìyẹn, pé àṣírí ìkòkò kì í jáde lẹ́nu ọ̀nà ìyàrá. Èmi ni mo mú ìmọ̀ràn wá. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kó o sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní ibẹ̀ ni eku kò lè jẹ ẹ́, òjò kò lè pa á, ojú kankan kò sì ní rí i, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó ṣí, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ yín ni. Ẹ mi orí pé ẹ gbà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo bá kọ nírọ̀lẹ́, n ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun. Ọ̀gá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mò ń tẹ̀, ó sì gbà mí láyè. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, n ó ya ewé náà wálé, ẹ ó ní kí n jù ú sínú iná tí a fi ń sun igi eérú. Eérú rẹ̀ bá ti igi dàpọ̀, a sẹ́ ẹ, ó wọ inú ìkòkò. Ẹ rẹ́rìn-ín pé ìkòkò yín náà ti kàwé. Ṣé ẹ rí i pé kò sí ẹni tó tàn wá jẹ? Ọwọ́ ara wa la fi sun ún.

Ọ̀gá wa ní òfin kan tó fẹ́ràn bí ọmọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà díìsìkì sórí díìsìkì mìíràn tó ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù. A ó tún dà á sórí téèpù. Téèpù mẹ́ta ni, bàbá àgbà, bàbá àti ọmọ. Èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni ọmọ, àwọn tó kù á gun òkè, ọ́fíìsì mìíràn ní Ìbarà ni wọ́n sì ń tọ́jú wọn sí, torí bí iná bá jó tiwa, kò ní jó ti ibẹ̀. Nǹkan náà wù mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbarà lè ka ohun tó wà lórí téèpù, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Mo rántí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún yín. Mo pa á láṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé bó bá ń ṣe téèpù, kó fo tiyín. Ìlà kan péré ni àṣẹ náà. Ó ń ṣe bí mo ṣe wí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ kú nígbà ọyẹ́. Ẹ mọ ìyẹn, ẹ̀yin lẹ kú. Ọyẹ́ ọdún náà le, eruku ń wọlé láti ibi tí ènìyàn kò rí ihò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀rọ tó ń mú yàrá kọ̀ǹpútà tutù bàjẹ́. Yàrá gbóná, ẹnì kan ṣí fèrèsé. N kò mọ ẹni tó ṣí i, èmi ń gba àlejò ìsìnkú nílé.

Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà wa máa ń tẹ bébà kan jáde láti fi ròyìn ara rẹ̀. Bí ibì kan bá wà lórí díìsìkì tí kò rí kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní láti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí i kà, á kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí díìsìkì tí kì í ní ọ̀kan tàbí méjì. Bó bá wá ń pọ̀, iṣẹ́ mi ni láti sọ fún ọ̀gá, kí ọ̀gá pe ẹnjiníà láti Èkó. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, díìsìkì kìn-ín-ní, èyí tí ọ̀rọ̀ yín wà lórí rẹ̀, ní irú ibi bẹ́ẹ̀ méjì. Lọ́sẹ̀ kejì ó di márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ó di mọ́kànlá, ó sì tún gun òkè. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo sì gbọ́ ohùn kan nínú àpótí náà, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi èékánná ha páànù. Bí ẹnjiníà bá dé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni iṣẹ́ á fi dúró, gbogbo wa la ó sì máa wà níbẹ̀ tì í títí tó fi máa parí. Àdúrà ogójì ọjọ́ yín sì ti sún mọ́lé, èmi ni mò ń ro ti ìrẹsì, ti ẹran, ti ibi tí àwọn ààfáà máa jókòó sí. Mo ká bébà náà sábẹ́ àwọn yòókù. Mo ní bí ogójì bá ti kọjá, n ó sọ ọ́.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin ìbá ti gbọ́ ohùn yẹn lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi etí lé ẹnu ìkòkò. Kí ló dé tí n kò fi jogún etí yín?

Sátidé tó tẹ̀lé ogójì ni mo lọ sọ́fíìsì lémi nìkan. Kò sí iṣẹ́ tó gbé mi lọ. Àárò yín ló sọ mí, mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yín, ibi tí ẹ ti ń bú àwọn ẹlẹ́lùú tó ń po iyanrìn mọ́ ẹ̀lú. Mo tẹ orúkọ yín. Ohùn páànù náà dún kíkan, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun kò rí i kà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn kan náà ló fún mi.

Ọ̀gá wa lẹ bébà kan mọ́ ògiri níbẹ̀ pé bí díìsìkì bá kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n wá pe òun nílé. Mo mọ̀ ọ́n sórí, èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́. Ká ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́, ǹ bá ti lọ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló wà níbẹ̀. Mo gbé díìsìkì náà jáde, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ẹ̀dà rẹ̀, mo sì gbé e sínú àpótí kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Màámi, bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ májèlé kú nídìí òpó, tó wá lọ mú èkejì so mọ́ òpó yẹn. Apá tó ti tẹ̀ wọ́ ha òun náà. Mo gbọ́ ohùn yẹn. Mo yọ ọ́, mo sáré gbé e lọ sínú àpótí kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ibẹ̀ á lè kà á. Àwo tó ti ha ba apá ti ibẹ̀ náà jẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gba ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, láàárín àpótí méjèèjì.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó wo ojú mi, ó rí aṣọ ọ̀fọ̀ lára mi, ó ní, “Gbàgbé ẹ̀, eruku ni.” Eruku náà ló kọ sínú ìwé tó fi ṣọwọ́ sókè. Ẹnjiníà dé láti Èkó lọ́jọ́ kẹta, ó pààrọ̀ àwọn apá náà, wọ́n ra díìsìkì tuntun, wọ́n lọ gbé téèpù ọmọ wá láti Ìbarà. Ọjọ́ méjì ni kọ̀ǹpútà fi ka téèpù padà. Ìwé àwọn olùkọ́ ìpínlẹ̀ wa ni a ń tọ́jú síbẹ̀, orúkọ wọn, ilé ìwé wọn, ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò sọnù. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí kò tíì wọ téèpù, èmi ni mo jókòó tún un tẹ̀ láti inú fáìlì. N kò ṣe àṣìṣe kan. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀rọ tuntun dé, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù náà di tuntun, àwọn ọ̀gá àgbà wá bọ̀ wá lọ́wọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà ìyìn fún ọ̀gá wa, wọ́n sì dárúkọ mi nínú rẹ̀. Wọ́n ra mínírà àti bọ́ńsì. Gbogbo wọn ń sọ fún mi pé ẹ kú oríire, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń mu Fáńtà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tún ń sin yín lẹ́ẹ̀kejì, tó wá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òkú kan wà nílẹ̀.

Kí ẹnjiníà tó padà, mo gbé díìsìkì méjèèjì lọ bá a. Mo ní ohun kan wà lórí wọn tí kò sí lórí téèpù. Ó tú ọ̀kan, ó gbé àwo rẹ̀ sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka tọ ojú àpá roboto kan tó yí i po. Ó ní, “Madam, e don finish. No be say e hide o. E no dey there again.” Ó fi ìka nu eruku pupa kan kúrò lára rẹ̀, ó ní ìyẹn gan-an ni ohun tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ó wà lórí ìka rẹ̀. Ó fi nu ṣòkòtò rẹ̀, kò ro nǹkan kan sí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú àti rántí. Mo ra ìwé tuntun, mo kọ “Ìkòkò tó ń ṣàìsàn” sókè ewé rẹ̀, mo sì fi gègé dúró. Mo rántí ohùn yín. Mo rántí pé ẹ ń họ orúnkún yín bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, àti pé ẹ ní kí n bu omi wá láàárín. Mo rántí pé mo ń wo aago. Ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ fún oṣù méjì, tó sì ń yára kọ ọ́ kó lè gbàgbé rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ yóò bá a rántí. Kí ni mo gbọ́ nígbà náà, Màámi? Ta ló wà níbẹ̀ tó ń gbọ́?

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, Ìyá Kúdí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tiyín. Ìkòkò yín wà ní ṣíṣí, òun ló ṣí i. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tó ti ń bọ́ ọ, láràárọ̀, mo sì rò pé ìkòkò náà ti gbẹ láti ọjọ́ tí ẹ kú. N kò tilẹ̀ lọ wò ó. Ó ní, “Ìyàwó mi ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ nínú ìwé, kí n pè ọ́ bó bá ń ṣe é bákan. Ó ti ń rùn láti ìjẹta. Lọ mú un wá, kó o kà á fún mi.”

Màámi, nígbà wo lẹ sọ ọ́ fún un? Ó ní àárọ̀ kan ni, mo ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ti lọ tẹ àṣírí yín sínú ẹ̀rọ kí ìyálé yín má baà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin sì jókòó sílé, ẹ ń fa ìkòkò lé ìyálé yín lọ́wọ́. Bí ọkàn yín ti yí padà sí i, kí ló ṣe tí ẹ kò sọ fún mi? Ìlà kan péré ni ǹ bá pa rẹ́, ọ̀rọ̀ yín á wà ní Ìbarà títí di òní. Àbí ẹ fẹ́ sọ ọ́, tí mo ń wo aago? N kò bínú. Mo kàn ń béèrè ni.

Ǹ bá ti sọ òtítọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ti di arúgbó, kò ní nà mí. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpótí ìjókòó yín, ó kó ọwọ́ lé itan, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí omi fún. Ojú tì mí. Mo wọlé lọ, mo mú bébà ọ́fíìsì kan, eléyìí tó ní ihò létí méjèèjì, mo jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Orúkọ àwọn olùkọ́ ló wà lára bébà náà. Èmi ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní kó rọ omi eérú tuntun sí i láàárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó fi ìṣù ẹ̀lú márùn-ún bọ́ ọ, kó dé e pa. Ó ní kí n tún un kà kó lè mọ̀ ọ́n sórí. Mo tún un kà, ẹ̀lú ti di méje. Ó gbójú sókè. Ó ní, “Márùn-ún lo pè lẹ́ẹ̀kan.” Mo ní ibi méjì ni ẹ ti sọ ọ́, pé èyíkéyìí ló dára. Ó gbà á. Bébà ló wà lọ́wọ́ mi, òun kò mọ̀wé, kí ló máa ṣe tí kò ní gbà á?

Gbogbo rẹ̀ ló ṣe, bí mo ṣe wí. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, mo ń gbọ́ ọ láti fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrin, ìfófòó ojú omi náà lọ, lọ́jọ́ kẹfà, òórùn rẹ̀ kò ṣeé dúró tì. N kò mọ̀ bóyá omi eérú ló pa á, tàbí ẹ̀lú, tàbí pé ì bá kú náà. N kò ní mọ̀ láéláé. Ìyá Kúdí fúnra rẹ̀ ló dà á nù, ní igbá kan lẹ́yìn igbá kan, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dojú ìkòkò ìyàwó òun délẹ̀. Omi náà ṣàn gba iwájú ilé lọ sínú gọ́tà. Àwọn èrò ń fò ó kọjá, wọ́n ń bo imú.

Nígbà tó parí, ó pè mí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú dé ìgúnpá. Ó ní, “Bó o bá ń ṣàdúà fún ìyàwó mi, bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó sọ ni mo ṣe, kò sí èyí tí mo fò. Ọwọ́ mi ni kò gbà á.”

Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà fún yín. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ìyálé yín ń bẹ̀ yín, Màámi. Ẹ má fetí sí i, kò ṣẹ̀ yín. Láràárọ̀ tí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń kí mi, kì í lè wo ojú mi, ó ń dojú bolẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀mí. Èmi sì ń dá a lóhùn pé ẹ kú àárọ̀ mà, mo ń kọjá lọ.

Èmi ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tí kò gbọ́ yín dáadáa.